Ẹ̀rọ Ìfúnpá Tó Ń Sùn Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Fóònù Mú Kí Òbí Yín Máa Wọn Ìfúnpá Déédéé

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ (BP), méjì ni ìyá mi ní. Ọ̀kan ń sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èkejì wà nínú Ghana-must-go láàárín àwọn aṣọ tí wọn ò wọ̀ mọ́. Wọ́n ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, èmi ń gbé ní Súrùlérè. Bí mo bá pè wọ́n lálẹ́ tí mo ní, "Màmá, BP ńkọ́?", èsì kan náà ni: "Ó dáa, ọmọ mi." Wọn ò wọ̀n ọ́n. Èmi náà mọ̀ pé wọn ò wọ̀n ọ́n. A ó wá yí ọ̀rọ̀ sí iye tí wọ́n ń ta tòmátò.

Ọdún kan gbáko la fi ṣe eré yìí kí n tó jókòó ṣètò ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ báyìí. Kì í ṣe ẹ̀rọ tuntun ló yanjú ẹ̀. Fóònù tó ti wà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀ ni, àti ẹni tó ń dáhùn láti òdìkejì. Bí òbí yín bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tí dókítà ní ọkàn wọn kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara mọ́, tàbí pé ìlù ọkàn wọn ń ṣe ségesège, ọ̀nà kan náà lẹ lè gbà. Èmi kì í ṣe dókítà o. Ohun tí dókítà tiyín bá sọ ló borí tèmi.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ béèrè ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n, àti ẹ̀ẹ̀melòó

Ìyá mi rò pé àárọ̀ àti alẹ́ làwọn á máa so apá mọ́ ẹ̀rọ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ta ló fẹ́ irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀? Ìgbà tí mo bá wọn lọ sí kílíníìkì tí mo la ẹnu béèrè ni mo gbọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ìlànà tí àwọn oníṣègùn ọkàn ń lò ni ọjọ́ 7 léraléra ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa rí dókítà: ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́, kí ìṣẹ́jú 1 wà láàárín èkíní àti èkejì. Nọ́mbà 28 péré ni. Bí ọjọ́ 7 kò bá ṣeé ṣe, ó kéré tán ọjọ́ 3. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àyàfi bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí oògùn padà. Ọjọ́ tí ìyá mi gbọ́ èyí, ojú wọn là.

Ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, tí kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara mọ́, yàtọ̀. Ìwọ̀n ara ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀, ojoojúmọ́ sì ni: láàárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọ̀, kí wọ́n tó jẹun, pẹ̀lú irú aṣọ fúyẹ́ kan náà. Omi máa ń kóra jọ sínú ara kí ẹsẹ̀ tó wú débi tí ojú á rí i. Òṣùwọ̀n á ti rí i ṣáájú. Ẹni tí ìlù ọkàn rẹ̀ ń ṣe ségesège, dókítà lè ní kó máa ka ìlù ọkàn tàbí kó máa fi ẹ̀rọ kékeré ya àwòrán rẹ̀. Ohun tí wọn ò bá ní kí ẹ wọ̀n, ẹ fi í sílẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti pọ̀ jù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á pa tì.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ̀rọ wo lẹ máa rà?

Ti apá òkè ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí mo rà, ti ọrùn ọwọ́ ni. Ẹni tó tà á fún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ búra. Nọ́mbà òkè rẹ̀ sọ 128, ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà ó sọ 151, torí pé wọ́n gbé ọwọ́ sórí itan. Bí ọwọ́ bá ti lọ sílẹ̀ ju ọkàn lọ, nọ́mbà á gòkè. Bí ó bá ga ju ọkàn lọ, nọ́mbà á já wálẹ̀. Òun ló ń sùn nínú Ghana-must-go yẹn.

Ẹ wọn apá kí ẹ tó sanwó. Téèpù télọ̀ ti tó: ẹ fi yí apá ká ní agbedeméjì èjìká àti ìgunpá. Aṣọ tó sábà máa ń bá ẹ̀rọ wá, èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá, ti apá tó jẹ́ 22 sí 32 sẹ̀ǹtímítà ni. Apá ìyá mi jẹ́ 36. Aṣọ tó kéré fún apá máa ń mú kí nọ́mbà ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ó wá máa bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ríru tó jẹ́ ti aṣọ. Ẹ béèrè fún èyí tó tóbi.

Lórí stridebp.org, wọ́n to orúkọ àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ti dán wò tí wọ́n sì rí i pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ọ̀fẹ́ ni. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmọ̀tà láàárín àwọn alábàárù tó ń pariwo "àgò o!", mo tẹ orúkọ àti nọ́mbà ara páálí síbẹ̀ kí n tó mú owó jáde. Ọlọ́jà wò mí bí ọlọ́pàá. Kó máa wò.

Ẹ wá èyí tó ní Bluetooth, tó ń pa nọ́mbà mọ́ sínú, tó sì ní bọ́tìnnì èèyàn méjì (màá padà sórí bọ́tìnnì yìí). Aago ọwọ́ tó ní òun ń wọn ìfúnpá láì fún apá rárá, àwọn oníṣègùn ò tíì gbà pé kí a gbẹ́kẹ̀ lé e. Fún ìlù ọkàn, ẹ̀rọ bíi KardiaMobile wà: èèyàn á gbé ìka lé e fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, àwòrán ìlù ọkàn á jáde lójú fóònù. Ó dára fún mímú ségesège. Kò lè rí ìkọlù ọkàn. Bí àyà bá ń dun èèyàn tí ojú fóònù sì kọ "Normal", ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ so ó mọ́ ohun tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀

Dókítà sọ "àárọ̀ àti alẹ́". Kò sí ohun tó ń jẹ́ "àárọ̀" lásán nílé ìyá mi. Ohun tó wà ni ìrun Àsùbáà, tíì, oògùn, búrẹ́dì, kí wọ́n tó kọrí sí ọjà Balógun. Àárín wọn ni mo ti wá ibi tí mo lè ki ẹ̀rọ bọ̀. Ẹ̀yìn Àsùbáà ló bọ́ sí: wọ́n ti tọ̀, wọn ò tíì mu tíì, wọn ò tíì lo oògùn, àdúgbò sì dákẹ́. Ohun tí wíwọn ìfúnpá ń fẹ́ gan-an nìyẹn: kí ìtọ̀ má wà nínú, kí èèyàn má ti mu tíì tàbí kọfí, kó má ti fa sìgá tàbí ṣe eré ìdárayá láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó sì ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5.

Ìṣẹ́jú 5 yẹn ló ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìyá mi bi mí bóyá ògiri ni kí àwọn máa wò. Tẹ̀sùbáà la fi yanjú ẹ̀. Bí wọ́n bá kírun tán, wọ́n á dìde lórí ẹní, wọ́n á jókòó sórí àga tó ní ìfẹ̀yìntì, ẹsẹ̀ méjèèjì á kanlẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé èkejì, wọ́n á wá máa ka tẹ̀sùbáà. Kí wọ́n tó kà á tán, ìṣẹ́jú 5 ti lọ. Nígbà náà ni wọ́n á so aṣọ ẹ̀rọ mọ́ apá lásán, kì í ṣe lórí bùbá, wọ́n á gbé apá lé tábìlì kó bá ọkàn dọ́gba, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹnu dákẹ́, títí kan àdúrà, torí ọ̀rọ̀ sísọ máa ń gbé nọ́mbà sókè. Onígbàgbọ́ lè fi àdúrà òwúrọ̀ ṣe é. Ẹni tí kì í gbàdúrà lè fi ìròyìn rédíò ṣe é, bí ìròyìn ò bá ní múnú bí i.

Ti alẹ́ le díẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ti ọjà dé, tí wọ́n gun àtẹ̀gùn dé òkè kejì, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n á wọ̀n ọ́n: 170. Ẹ̀rọ ò parọ́, àkókò ni kò dáa. A sún un sí ẹ̀yìn Iṣáì, kí wọ́n tó sùn.

Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tiwa wà lórí tábìlì tí wọ́n ń gbé apá lé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike oògùn. Àkókò tí mo fi bá ìyá mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ì bá ti tó láti gbé e kúrò níbẹ̀ ní ìgbà ẹgbẹ̀rún.

Ìgbésẹ̀ 4: Fóònù

Álàámù la fi bẹ̀rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ẹ lè fi ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ fúnra yín ṣe ohùn álàámù. Ọmọ mi ọdún 6 ló gba tiwa: "Màmá Àgbà, ẹ wọn BP o, ẹ má gbàgbé o!" Agogo tí fóònù ń dún tẹ́lẹ̀, wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń pa á lójú oorun. Ti ọmọ-ọmọ, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Kò jẹ dátà, kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ máa pààrọ̀ ohùn náà lóṣooṣù, torí bí etí bá ti mọ́ra, kò ní gbọ́ ọ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni áàpù ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ yín bá ní Bluetooth, ilé iṣẹ́ tó ṣe é máa ń ní áàpù tirẹ̀; ti Omron ń jẹ́ OMRON connect. Ẹ so wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nọ́mbà á máa wọlé fúnra rẹ̀, kò ní sí pé ẹnìkan ń kọ 138 nígbà tí ojú ẹ̀rọ sọ 148. Ibi méjì ló ti máa ń dà rú. Àkọ́kọ́, lórí àwọn Android tó ti pẹ́ díẹ̀, bí ẹ ò bá tan Location, Bluetooth ò ní rí ẹ̀rọ náà, bí ẹ tilẹ̀ gbé méjèèjì lé ara wọn. Èkejì, àwọn fóònù kan máa ń pa áàpù kí bátìrì lè pẹ́. Ẹ lọ sí ètò bátìrì inú fóònù, kí ẹ yọ áàpù yìí kúrò lára àwọn tí fóònù lè pa. Bí fóònù bá kú pátápátá, ẹ má mikàn: nọ́mbà ṣì wà nínú ẹ̀rọ, á jáde nígbà tí wọ́n bá tún pàdé.

Ká sọ òótọ́, èyí tó rọrùn jù ni mo fẹ́ràn jù. Kí wọ́n ya fótò ojú ẹ̀rọ, kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìyá mi ò lè ṣí áàpù kan kí wọ́n má tẹ ohun tí kò yẹ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ fótò í yà. Gbogbo aṣọ tí wọ́n ń tà ni wọ́n ń yà fún oníbàárà. Iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn ti mọ̀ ni. Aago àti ọjọ́ wà lórí ìfiránṣẹ́ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́. Èmi ni mo ń kó nọ́mbà sínú Google Sheets: ọjọ́, aago, nọ́mbà òkè, nọ́mbà ìsàlẹ̀, ìlù ọkàn. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú 10 lọ́sẹ̀.

Bí òbí yín bá ń lo fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, ẹ má fi dandan ra ńlá fún wọn. Ẹ pè wọ́n ní aago kan náà lójoojúmọ́, kí wọ́n ka nọ́mbà fún yín nígbà tí ẹ̀rọ ṣì wà lápá.

Ìgbésẹ̀ 5: Ta ló ń dáhùn?

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a bẹ̀rẹ̀, fótò 168 wọlé. Mo kọ ọ́ padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: "Kí lẹ jẹ lánàá? Ẹ ti tún fi iyọ̀ sí i!" Wọn ò fèsì. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn fótò tó ń wọlé dára púpọ̀: 126, 131, 128. Inú mi ń dùn. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn tí mo tẹ ìrántí inú ẹ̀rọ ni mo rí 159, 164, 161. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n lóòótọ́. Èyí tó máa mú kí ọmọ pariwo ni wọn kì í fi ránṣẹ́. Ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi bá wọn lò, mi ò fi ọ̀tún fà wọ́n mọ́ra, bẹ́ẹ̀ sì rèé ìyá mi ni, kì í ṣe ọmọ mi.

Òfin tí a wá ṣe fún ara wa: gbogbo fótò ló gbọ́dọ̀ rí èsì kí ọ̀sán tó pọ́n, èsì náà ò sì gbọdọ̀ ní ìbáwí nínú. "Ẹ ṣeun Màmá, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀" ti tó. Bí nọ́mbà bá ga, "Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wọ̀n lálẹ́, màá pè yín." Ọ̀rọ̀ iyọ̀, ojúkojú la ń sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń dáhùn Mọ́ńdè dé Wẹ́sìdé, èmi ń gba ìyókù, kó má baà sú ẹnìkan.

Ìwádìí méjì ló jẹ́ kí n gbà pé kì í ṣe ilé wa nìkan. Wọ́n tẹ àbájáde Tele-HF jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2010. Èèyàn 1,653 tí ọkàn wọn ti rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí nǹkan bí ìdajì wọn máa pe nọ́mbà kan lójoojúmọ́ fún oṣù 6, kí wọ́n fi ìwọ̀n ara àti bó ṣe ń ṣe wọ́n sílẹ̀. Àwọn oníṣègùn ń yẹ àkọsílẹ̀ náà wò, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń gbé ìpè. Ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ò pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó fi máa parí, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì ń pè, ó kéré tán, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kò sì sí ìyàtọ̀ nínú iye ẹni tó padà sílé ìwòsàn tàbí tó kú. Ẹ wá wo ti Jámánì tó jáde ní 2018, TIM-HF2, èèyàn tó lé ní 1,500. Ìwọ̀n ara, ìfúnpá àti àwòrán ìlù ọkàn nǹkan bí ìdajì wọn ń lọ lójoojúmọ́ sí ibùdó kan ní ilé ìwòsàn Charité ní Berlin, níbi tí dókítà àti nọ́ọ̀sì wà tọ̀sán-tòru. Ọjọ́ tí ilé ìwòsàn àti ikú gbà lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyẹn dín kù, iye ẹni tó kú láàárín wọn sì kéré sí ti ìdajì yòókù tó ń gba ìtọ́jú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ pọ̀ láàárín ìwádìí méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí tí mo rí ni pé ti Berlin, èèyàn wà nídìí ẹ̀.

Ẹ má ṣe gbé nọ́mbà BP sórí gbàgede WhatsApp ẹbí. Ìyá mi ò fẹ́ kí ìyàwó àbúrò bàbá wa mọ ohun tó ń ṣe àwọn, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ẹ dá gbàgede kékeré sílẹ̀, ẹni mẹ́ta péré. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 pàápàá ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra àkànṣe, nítorí náà ẹ béèrè ọ̀nà tí kílíníìkì fẹ́ kí ẹ máa gbà fi nọ́mbà ránṣẹ́ kí ẹ tó máa da fótò sórí fóònù dókítà.

Ìgbésẹ̀ 6: Nọ́mbà tó ń pe ilé ìwòsàn

Èyí kò gbọdọ̀ wà nínú fóònù nìkan. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí páálí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì.

Nílé, bí àpapọ̀ tí a pín dọ́gba bá jẹ́ 135/85 (nọ́mbà òkè 135, ti ìsàlẹ̀ 85) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti ga. Ti kílíníìkì ni 140/90. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ọ̀rọ̀ dókítà ni. Bí ó bá dé 180/120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n tún un wọ̀n. Bí ó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀ tí ara kò sì ṣe nǹkan kan, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹ má fún wọn ní oògùn kejì lórí ìkíní. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dùn wọ́n, tí wọn ò rí èémí mí dáadáa, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tí ẹnu wọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, tí ojú ṣú lójijì, tàbí tí orí ń fọ́ wọn bí kò ṣe fọ́ wọn rí, ẹ má wọn nǹkan kan mọ́, ẹ má dúró de ìṣẹ́jú 5 kankan: ẹ pe nọ́mbà pàjáwìrì Èkó, 767 tàbí 112, tàbí kí ẹ gbé wọn lọ. Ẹ ti mọ ibi tí ẹ ń lọ tẹ́lẹ̀. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀gbà Ọ̀dàn, ìyẹn ilé ìwòsàn ìjọba ti Èkó, ló sún mọ́ wa. Ẹ má fi aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kó aláìsàn sórí afárá Third Mainland nítorí pé dókítà tí ẹ mọ̀ wà ní Ìkẹjà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Mainland, ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà ni ẹ mọ̀.

Fún ọkàn tó ti rẹ̀: bí ìwọ̀n ara bá fi ju kílò 2 lọ láàárín ọjọ́ 3, tàbí ẹsẹ̀ ń wú, tàbí wọ́n nílò ìrọ̀rí púpọ̀ sí i kí wọ́n tó lè sùn, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà.

Iná, dátà, bátìrì

Ẹ ra bátìrì méjì-méjì sílẹ̀. Bátìrì tó ń kú lọ ló máa ń dá wíwọ̀n dúró láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ fi power bank sílẹ̀ fún fóònù. Dátà kékeré tó fótò, ẹ rà á láti ọ̀dọ̀ yín, ẹ má dúró kí wọ́n sọ pé ó ti tán.

Ọjọ́ kílíníìkì

Ẹ gbé ẹ̀rọ náà lọ, kí nọ́ọ̀sì fi ti ibẹ̀ àti tiyín wọ̀n ọ́n tẹ̀lé ara wọn. Ẹ tẹ ojú ìwé kan ṣoṣo jáde láti inú Google Sheets. Ẹ yọ ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò, kí ẹ pín ìyókù dọ́gba. Dókítà ò ní àyè láti ka fótò 28 lójú fóònù, nọ́mbà kan tí ó lè gbà gbọ́ ló fẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbé tiwa dé, dókítà dín ìbéèrè rẹ̀ kù, ó yí oògùn kan padà, a sì ti jáde kí tíkẹ́ẹ̀tì páàkì tó tán.

Ìṣòro tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yọjú lóṣù tó kọjá. Ìfúnpá ìyá mi ń fò: 129, 174, 131, 98, gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ kan. Mo sáré lọ. Mo bá aládùúgbò mẹ́ta tó tò sórí bẹ́ńṣì, ìyá mi ń so aṣọ ẹ̀rọ mọ́ apá alákàrà, wọ́n ń pàṣẹ fún un pé kó pa ẹnu mọ́, kó má gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Mo fi bọ́tìnnì kejì hàn wọ́n, mo lẹ téèpù pupa mọ́ ọn: ti àlejò nìyẹn.